Super Borgou: Ohùn Ìbàrìbá Lórí Àwo

Super Borgou ni ẹgbẹ́ olórin tí Moussa Mama Djima darí ní Parakou, lápá àríwá orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ìlú yìí ni ọ̀nà rélùwéè tó gòkè wá láti Kútọnu parí sí. Ìlú oníṣòwò ni, níbi tí Ìbàrìbá, Dẹ́ńdì, Yorùbá àti Fúlàní ti jọ ń ná ọjà kan náà. Orin ẹgbẹ́ náà jọ ìlú tó bí i. Gìtá oníná àti ìlù wọn gba soul àti funk Amẹ́ríkà mọ́ra, ṣùgbọ́n èdè Ìbàrìbá àti Dẹ́ńdì ni wọ́n fi ń kọrin, ohùn wọn a sì máa lọ́ bíi ti ewì àwọn Mùsùlùmí apá òkè.

Ní 2008, Samy Ben Redjeb, tó dá ilé-iṣẹ́ Analog Africa sílẹ̀ ní Jámánì, fi orin wọn kan, “Congolaise Benin Ye”, sínú àkójọ African Scream Contest. Nígbà tó di 2012, ó ya odidi àwo sọ́tọ̀ fún wọn, The Bariba Sound 1970–1976. Ẹnì kan lè ní funk inú rẹ̀ ló fa àwọn ará òkèèrè mọ́ra. Kì í ṣe irọ́, torí ohun tí etí ti mọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Àmọ́ funk pọ̀ lọ́jà Amẹ́ríkà. Ta ni yóò torí rẹ̀ wá orin dé Parakou? Ohun tí kò sí níbòmíràn ni wọ́n ń wá, orúkọ tí wọ́n sọ àwo náà sì jẹ́rìí sí i.

Bákan náà ló rí lọ́dọ̀ àwọn tó ń gé orin: wọ́n á yọ ìró ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lára àwo àtijọ́, wọ́n á máa yí i po lábẹ́ orin tuntun. Ohun tí Mos Def, olórin rap ará Amẹ́ríkà, ṣe nìyẹn ní 1999 sí “Fear Not for Man” tí Fela ṣe. Nígbà tí Michael Jackson náà yá nǹkan lára “Soul Makossa” tí Manu Dibango, ọmọ Kamẹrúùnù, gbé jáde ní 1972, fèrè saxophone Dibango kọ́ ló mú, bó ti dùn tó un. Ọ̀rọ̀ èdè Duala tí Dibango ń fi ẹnu dárà ló mú. Rihanna tún lò ó ní 2007, ó sì di ohun tí Dibango gbé lọ sílé ẹjọ́.

Àwọn kan á ní títún àwo àtijọ́ tẹ̀, bí Analog Africa ti ṣe, yàtọ̀ sí gígé orin. Ó yàtọ̀ lóòótọ́, ìdí tí mo fi ka títún un tẹ̀ sí gan-an nìyẹn. Ẹni tó ń gé orin lè gbé ìró kó sì fi olórin sílẹ̀. Àmọ́ orúkọ Super Borgou àti ti Parakou ti wà lára páálí àwo báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ gé e lọ́la ti mọ ilé tó yẹ kó kan ilẹ̀kùn rẹ̀.