Onídùúró Ọmọ Tálákà

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnìkan yáni lówó ńlá láìbéèrè onídùúró. Kì í ṣe pé olówó fẹ́ tẹ́ńbẹ́lú ẹni tí ó wá yáwó. Ojú tí òun yóò wò bí ọjọ́ bá pé ni ó fẹ́ mọ̀. Àwọn àgbà ló ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí a bá yẹ ìtàn wò, bí àwọn ọmọ tí kò ní bàbá olówó ṣe rí owó ka ìwé gíga láàárín wa láti nǹkan bí àádọ́sàn-án ọdún sẹ́yìn, ìbéèrè kan náà ni a ó máa bá pàdé: ta ni ó dúró fún ọmọ yìí, kí sì ni ẹni náà ń retí? Orúkọ àjọ ti yí padà, pọ́n-ùn ti di náírà, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Freetown, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú fìdí kalẹ̀ sí. Ní ọdún 1855, Ilé-iṣẹ́ Ogun ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ìjọ CMS, mú ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta láti Sierra Leone lọ sí King's College ní Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Orúkọ wọn ni Samuel Campbell, William Broughton Davies àti James Horton. Yorùbá ni àwọn òbí Davies. Ìgbò ni ti Horton. Àánú nìkan kọ́ ló mú kí ìjọba náwó lé wọn lórí. Ibà ń pa àwọn dókítà òyìnbó ní etíkun ilẹ̀ wa bí ẹni pa eṣinṣin, ìjọba sì rò pé ara ọmọ onílẹ̀ yóò lè gbà á ju ti àlejò lọ. Ohun tí wọ́n retí ni pé bí àwọn ọmọ náà bá gboyè, iṣẹ́ dókítà ológun ni wọn yóò padà wá ṣe ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ikú kò jẹ́ kí Campbell débẹ̀. Davies àti Horton gboyè. Yunifásítì Edinburgh ni ó fún Horton ní oyè tirẹ̀ ní 1859, ó sì sin ìjọba fún nǹkan bí ogún ọdún.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ètò náà fi dáwọ́ dúró. Àwọn dókítà aláwọ̀ funfun tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kò fẹ́ rí aláwọ̀ dúdú ní ipò kan náà pẹ̀lú wọn, wọ́n ṣe àtakò, Ilé-iṣẹ́ Ogun sì gbọ́ tiwọn. Àwọn ọmọ méjì tí a rán níṣẹ́ jẹ́ ẹ yanjú, síbẹ̀ ọ̀nà tí wọ́n gbà kọjá ni a dí mọ́ àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀kọ́ kan nìyẹn tí àwọn tí ń kọ̀wé béèrè owó ẹ̀kọ́ kì í sábà rántí: bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè ba àdéhùn jẹ́ ni ẹni tí ń san owó náà lè bà á jẹ́.

Àwọn kan máa ń fi irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, èyí tí a wá ń pè ní bọ́ńdì, wé ìwọ̀fà. Wọ́n jọra lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà tí kò yẹ kí a fojú fò. Nínú ìwọ̀fà, iṣẹ́ tí a ń ṣe lóko olówó, èlé lásán ni. Bí ìwọ̀fà ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún, iye tí a yá kò dín ní kọ́bọ̀ kan. Nínú bọ́ńdì, iṣẹ́ gan-an ni owó: bí ọdún tí a kọ sínú ìwé bá ti pé, gbèsè ti tán, ọmọ a sì máa lọ ní àlàáfíà. Àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Èrò tèmi ni pé òun ni kò jẹ́ kí ẹ̀rù bà wọ́n láti tẹ̀ka sí ìwé bọ́ńdì fún ọmọ wọn, nígbà tí ìwọ̀fà ṣì wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ wọn gẹ́gẹ́ bí ohun tí ojú wọn ti rí rí.

Àwọn ìlú wa kò sì dúró de ìjọba. Ní àárín ogun àgbáyé méjèèjì, àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé, olùkọ́ àti iṣẹ́ rélùwéè ní Èkó, Ìbàdàn àti òkè Ọya dá ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń dá owó jọ lóṣooṣù. Ọ̀nà ni wọ́n fi ń ṣe, afárá ni wọ́n fi ń ṣe, ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ń kọ́. Nígbà tí ó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ẹgbẹ́ àwọn Ìbíbíò ní apá ìlà-oòrùn ni òkìkí rẹ̀ kàn jù lórí èyí, nítorí ní 1938 ó rán ọmọ mẹ́fà lọ sí òkè òkun lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín tiwa, owó ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé-Èkìtì ni ó ran Jacob Adé Àjàyí, tí a bí ní 1929, lọ́wọ́ láti lọ sí Igbobi College ní Èkó. Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìtàn ni wọ́n dà lẹ́yìn náà, àti ọ̀gá àgbà Yunifásítì Èkó.

Bí a ṣe ń bèèrè irú owó yìí yàtọ̀ sí ti òde òní. Fọ́ọ̀mù kò ṣe pàtàkì níbẹ̀. A ti mọ ilé tí ọmọ náà ti wá. Olùkọ́ rẹ̀ tàbí àlùfáà ìjọ ni yóò dárúkọ rẹ̀, àwọn àgbà yóò bèèrè ìwà rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀, ìgbà náà ni a óò tó bèèrè ipò tí ó wà ní kíláàsì. Ojúsàájú kò ṣàì sí nínú rẹ̀. Ọmọ àlejò kì í rí i gbà, ọmọbìnrin sì ṣọ̀wọ́n nínú àwọn tí ìlú dá owó jọ fún. Ẹ má jẹ́ kí a fi ìfẹ́ ayé àtijọ́ bo àléébù yìí mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa bí owó náà kò ṣe bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó rí i gbà, kò sí àjọ ìjọba kan tí ó tíì tó ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀. Ẹni tí ó ń ka ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Ìbàdàn mọ̀ pé èsì ìdánwò òun yóò di ọ̀rọ̀ ìpàdé. Bí ó bá fìdí rẹmi, ìyá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀ lójú ọjà, kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé a ó dá owó dúró. Bí ó bá sì gboyè tán tí ó gbàgbé ilé, àwọn tí ó san owó náà mọ ilé bàbá rẹ̀. Àfi ẹni tí kò ní padà wálé mọ́ ni ó lè sá fún irú gbèsè bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ogun kejì ni ìjọba wá wọ ọ̀rọ̀ náà tọwọ́tẹsẹ̀. A dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1945, a sì ṣí i ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1948. Ríran ọmọ Yorùbá lọ́wọ́ láti kàwé wà lára ète rẹ̀. Ní ọdún 1948 kan náà, Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀, ìgbìmọ̀ tí Hugh Foot darí sì dábàá pé kí ìjọba Nàìjíríà fún ènìyàn 385 ní owó ẹ̀kọ́ àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ láàárín ọdún mẹ́ta, kí ọmọ onílẹ̀ lè bọ́ sí ipò tí òyìnbó wà. Nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ wọn gba ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní 1952, ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi síwájú. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti January 1955, ni gbogbo ènìyàn ń rántí, ṣùgbọ́n owó yunifásítì náà wà níbẹ̀.

Níbo ni owó náà ti wá? Inú oko kòkó ni. Láti 1947 ni ìgbìmọ̀ tí ń ra kòkó ti ń san iye tí ó kéré sí ti ọjà àgbáyé fún àgbẹ̀, tí ó sì ń tọ́jú ìyókù. Nígbà tí a pín ìgbìmọ̀ náà sí ẹkùn ní 1954, apá kan ìyókù yìí di owó ìdàgbàsókè Ìwọ̀-Oòrùn. Àgbẹ̀ ni onídùúró, bí kò tilẹ̀ tẹ̀ka sí ìwé kankan, tí a kò sì bi í. Ọmọ tí ó gba owó náà tẹ̀ka sí bọ́ńdì pẹ̀lú ìjọba, kò tẹ̀ka sí ti àgbẹ̀. Nígbà tí àwọn Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní 1968 sí 1969 nítorí owó-orí tí ó wọ̀ wọ́n lọ́rùn, kò lè ṣàìsí lára àwọn tí ó jókòó sí ọ́fíìsì láti dá wọn lóhùn, ọmọ tí kòkó wọn rán lọ sí yunifásítì. Bí ìwọ̀nyí bá rò ó dé ibẹ̀ nígbà náà, n kò rí àmì rẹ̀ nínú èsì tí a kọ́kọ́ fún àwọn àgbẹ̀.

Owó epo ni ó tú ìdè náà ká pátápátá. Òfin 1972 dá Ìgbìmọ̀ Ẹ̀yáwó Akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ ní Èkó; ní 1977 ìjọba àpapọ̀ mú owó ilé ẹ̀kọ́ kúrò ní àwọn yunifásítì rẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ ń fún ọmọ wọn ní owó bọ́sárì, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà láìní ìwé ẹ̀rí pé ọmọ ìbílẹ̀ ni òun: ìlú ẹni ṣì ń dúró fún ẹni, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ lásán ni ó kù nínú ìdúró náà. Ní ti ẹ̀yáwó, àwọn ènìyàn gbà á, púpọ̀ nínú wọn kò sì dá a padà. A máa ń sọ pé olè ni wọ́n. N kò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò ta aṣọ kí wọ́n tó jẹ ẹgbẹ́ àjọ lówó. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ìgbìmọ̀ kò ní ojú, kò mọ ilé bàbá ẹnikẹ́ni, kò sì ní ìwé tí ó péye láti fi wá ẹni tí ó ti kó kúrò ní àdírẹ́sì. Ní 1993, a fi òfin mìíràn sọ ọ́ di Báǹkì Ẹ̀kọ́, èyí kò sì ta pútú.

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà ni ìjọba tún gbé e dìde. Òfin tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní 12 June 2023 sọ pé kí ẹni tí yóò yáwó mú onídùúró méjì wá: òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ti dé ìpele kejìlá, tàbí agbẹjọ́rò tí ó ti lo ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́, tàbí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òfin kan náà sọ pé owó tí ń wọlé fún ẹbí akẹ́kọ̀ọ́ náà kò gbọdọ̀ tó ₦500,000 lọ́dún. Ẹ wò ó ná: ẹbí tí kò rí ₦500,000 lọ́dún, níbo ni yóò ti rí agbẹjọ́rò méjì? Ó tún kù. Bí òbí bá ti jẹ gbèsè ẹ̀yáwó rí tí kò san án, ọmọ rẹ̀ kò ní rí tirẹ̀ gbà. Àwọn tí ó kọ òfin náà rántí ohun tí ó ṣe ìgbìmọ̀ ti 1972, wọ́n wá onídùúró, ṣùgbọ́n àárín àwọn olówó ni wọ́n ti wá a.

Ariwo pọ̀, a sì yí òfin náà padà ní 3 April 2024. Onídùúró lọ, gbèdéke owó ẹbí lọ, gbèsè òbí lọ. Àjọ tí a ń pè ní NELFUND bẹ̀rẹ̀ sí gba orúkọ ní 24 May ọdún náà. Ohun tí ó ń bèèrè nísinsìnyí ni nọ́ńbà ìgbaniwọlé, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè àti nọ́ńbà tí báǹkì fi ń dá oníbàárà mọ̀. Kò sí èlé lórí owó náà. Ti ilé ẹ̀kọ́ ń lọ tààrà sí àpò ilé ẹ̀kọ́. Ti oúnjẹ, ₦20,000 lóṣù, ń wọ àpò akẹ́kọ̀ọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni sísan padà yóò bẹ̀rẹ̀, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ni agbanisíṣẹ́ yóò sì máa yọ. Ẹni tí ó bá gbà á ní ọdún àṣekágbá rẹ̀ ní 2024, tí ó sì sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tán ní 2026, kò sí ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ó tó di 2028.