Ìwọ̀lú Kì í Ṣe Ìgbélùú: Ìtàn Àṣẹ Àlejò láti Agége dé Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

 Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò ni ti ìwé àṣẹ kan tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ní Ìkẹjà àti Agége ń béèrè fún láyé òde òní. Físà ọlọ́jọ́ gbọọrọ ni, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó fẹ́ máa gbé ní orílẹ̀-èdè kan nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ àti owó oṣù rẹ̀ wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun tuntun gbáà ni. Lójú tèmi, ìbéèrè tí ìwé yìí ń dáhùn ti pẹ́ láàrin wa, a sì lè ka ìtàn rẹ̀ lórí ilẹ̀ Agége àti Ìkẹjà fúnra wọn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn: ìwọ̀lú, ìgbélùú, àti iṣẹ́ ṣíṣe nílùú. Ẹni tó wọ̀lú lè jẹ́ èrò ọ̀nà tí yóò kọjá lọ ní ọ̀la. Ẹni tó ń gbélùú ti ní ilé tí a ti lè bá a. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílùú ti bá onílé tọwọ́ bọ àwo kan náà. Láyé àtijọ́, oníbodè ló ń ṣọ́ ẹnu ibodè, òun ló sì ń gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò tó bá fẹ́ wọlé. Ṣùgbọ́n agbára oníbodè kò kọjá ibodè. Àlejò tó bá fẹ́ pẹ́ nílùú gbọ́dọ̀ wá onílé tí yóò gbà á sílé, tí yóò sì mú un lọ fi ojú rẹ̀ han baálẹ̀ tàbí ọba. Bí àlejò náà bá jẹ gbèsè tí kò san án, onílé ni wọn yóò ké sí. Irú onílé bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní onígbọ̀wọ́. Àwọn àgbà kò ṣì sọ nígbà tí wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Onígbọ̀wọ́ ló ń bá a ríran.

Bí Agége ṣe kún nìyẹn. Ní nǹkan bí ìgbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń parí lọ, àwọn oníṣòwò Èkó, tí Jacob Kẹ́hìndé Coker wà lára wọn, dá oko kòkó sí agbègbè náà. Obì tẹ̀lé kòkó. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rẹ̀ láti Èkó ní 1896 gba Agége kọjá, ó sì ń kó irè oko lọ. Àwọn lébìrà wá láti ìlú òkè láti ro oko, àwọn Hausa oníṣòwò obì sì wá láti Òkè Ọya, wọ́n rí onílé, wọ́n sì tẹ̀dó. Obì gbàǹja pàápàá, àlejò ni: láti ara Gonja, ní àríwá ilẹ̀ tí à ń pè ní Ghana lónìí, ni orúkọ rẹ̀ ti wá.

Lábẹ́ ìjọba amúnisìn, ẹni tó bá ti ilẹ̀ kan tó wà lábẹ́ àsíá Gẹ̀ẹ́sì wá sí òmíràn kì í ní ìdààmú púpọ̀. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà, dé sí Nàìjíríà ní 1913 láti ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní rélùwéè. Nígbà tó yá, ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èkó, ó sì di ọ̀kan lára àwọn tó sọ búrẹ́dì di oúnjẹ mùtúmùwà. Iṣẹ́ rélùwéè ló bá wá. Kò sí òfin tó dí i lọ́wọ́ nígbà tó yí padà sí oníbúrẹ́dì.

Òmìnira ló mú ìyípadà dé. Orílẹ̀-èdè tuntun kọ̀ọ̀kan fẹ́ mọ ẹni tí í ṣe ọmọ ilé àti ẹni tí í ṣe àlejò. Ní 1963, Nàìjíríà ṣe òfin ìwọlé-wọ̀de, èyí tó sọ pé àjèjì kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ láìgba àṣẹ. Àsìkò yẹn gan-an ni àgbègbè iléeṣẹ́ ńláńlá tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ sí Ìkẹjà ń gbèrú. Guinness ń pọn ọtí ní Ọ̀gbà, Dunlop ń ṣe táyà ní Oba Akran, Cadbury sì wà ní Agídìngbì. Iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ mú òyìnbó onímọ̀ ẹ̀rọ wá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba iye àyè tí ìjọba bá yọ̀ǹda fún un. Iléeṣẹ́ wá di onígbọ̀wọ́, ìwé sì rọ́pò ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá korò nìyí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú wá a rí láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kó ẹrù rẹ̀. Àwọn Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti àwọn ìlú mìíràn ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ọdún gbọọrọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí àwọn mìíràn nínú wọn. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní onílé, wọ́n ní aládùúgbò tó lè jẹ́rìí wọn. Ìwé nìkan ni wọn kò ní. Ọ̀pọ̀ wọn padà sí ìlú tí àwọn ọmọ wọn kò mọ̀ rí.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ọdún 1979, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn ní Dakar pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kí ó sì lo 90 ọjọ́. Owó epo rọ̀bì ń ṣàn ní Èkó nígbà náà. Àwọn ará Ghana wá láti kọ́lé, láti kọ́ ọmọ níwèé, àti láti ṣiṣẹ́ ní fákítọ̀rì. Àdéhùn náà ṣílẹ̀kùn fún wọn, ṣùgbọ́n kò fún wọn ní àṣẹ láti ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò bo ọjọ́ kọkànléláàádọ́rùn-ún. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1983, ìjọba Shagari pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ. Wọ́n fún àwọn tí kò ní iṣẹ́ ọwọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tó lọ lé ní mílíọ̀nù kan, ará Ghana ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Orúkọ àpò tí à ń pè ní Ghana Must Go kò jẹ́ kí a gbàgbé. Ọdún 1986 ni ECOWAS tó fọwọ́ sí àdéhùn kejì, èyí tó dá lórí ẹ̀tọ́ ìgbélùú àti iṣẹ́ ṣíṣe.

Ẹ wo bí ìtàn méjèèjì ṣe jọra. Láàrin ìwọ̀lú àti iṣẹ́ ṣíṣe, kòtò kan wà níbẹ̀. Inú kòtò náà ni àwọn Yorùbá ṣubú sí ní Ghana, inú rẹ̀ náà ni àwọn ará Ghana ṣubú sí ní Èkó.

Kòtò yìí ni físà tuntun náà fẹ́ dí. Nígbà àrùn Kòrónà, tí ọ́fíìsì wọnú ilé, Barbados àti Estonia bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn òṣìṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìwé ọlọ́dún kan ní 2020. Portugal tẹ̀lé wọn ní oṣù Kẹwàá, 2022. Cabo Verde, tó jẹ́ ará ilé wa nínú ECOWAS, kéde tirẹ̀ ní oṣù Kejìlá, 2020, ó sì ka àwọn ọmọ ECOWAS mọ́ àwọn tó lè gbà á. Májẹ̀mú ibẹ̀ rọrùn láti lóye: gbé lọ́dọ̀ wa, ná owó rẹ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n má ṣe gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ wa.

Nísinsìnyí, àkọsílẹ̀ báǹkì ló di onígbọ̀wọ́. Wọ́n ń béèrè lẹ́tà ọ̀gá iṣẹ́ tó wà lókè òkun, àkọsílẹ̀ owó fún oṣù mélòó kan, ìwé ìdánilójú ìlera, ìwé ọlọ́pàá tó fi hàn pé ènìyàn kò rú òfin rí, àti ibi tí yóò gbé. Portugal ní kí owó oṣù ẹni tó ìlọ́po mẹ́rin owó oṣù tó kéré jù níbẹ̀. Cabo Verde béèrè 1,500 yúrò ní ìpíndọ́gba nínú àkáǹtì fún oṣù mẹ́fà. Ní 2024, tí owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà di 70,000 náírà, 1,500 yúrò yẹn ju mílíọ̀nù méjì náírà lọ. Ọmọ Ìkẹjà tó ń gba náírà yóò rí i pé ilẹ̀kùn náà ga, bó ti wù kí ó já fáfá tó.

Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń gba físà arìnrìn-àjò afẹ́, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ní kọ́lọ́fín. Mo bẹ̀ yín, ẹ rántí 1983. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kí ó ka ohun tí ìwé rẹ̀ kò fún un kí ó tó yọ̀ sí ohun tó fún un. Kí ó tẹ gbogbo ìwé náà sórí bébà, kí ó sì kó wọn dání, nítorí pé òṣìṣẹ́ ibodè lè tún béèrè wọn nígbà tó bá balẹ̀. Kí ó sọ òtítọ́ kan ṣoṣo: iṣẹ́ mi wà lókè òkun, n kò wá iṣẹ́ wá síbí. Kí ó sì béèrè nípa owó orí, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹni tó bá lò ju 183 ọjọ́ lọ lè di ẹni tí yóò máa san án níbẹ̀.

Àwọn baba wa ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹni tó mọ iye ọjọ́ tí wọ́n fún un ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ di ẹrù nígbà tó bá ń padà bọ̀. Ire o.