Àwọn ọmọ Burkina tí wọ́n kó lọ kàwé ní Cuba

  Ẹni tó bá ń dá oníbàárà lóhùn lọ́wọ́, kó parí rẹ̀ ná. Ohùn yìí ò ní sá lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tí wọ́n ń ta aṣọ ní ọjà Kure pè mí. Ọmọ wọn fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Cuba. Wọ́n ní, "Admin, wọ́n ní Spanish ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ o. Ṣé ọmọ mi á lè gbọ́ ọ?" Mo ní kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀. Ìtàn ni mo fẹ́ fi dá wọn lóhùn.

Lọ́dún 1986, Burkina Faso kó ẹgbẹ̀ta (600) ọmọ lọ sí Cuba. Thomas Sankara ló wà lórí àlééfà nígbà náà. Kì í ṣe ọmọ olówó Ouagadougou ló kó o. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ òrukàn àti ọmọ abúlé. Ohun tó fẹ́ ni pé kí wọ́n kọ́ iṣẹ́, kí wọ́n padà wá tún ìlú ṣe. Àwọn kan ti ṣáájú wọn débẹ̀: ọmọ Angola àti Mozambique láti 1977, ọmọ Ghana ní 1983. Ìjọba Cuba ò gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ wọn.

Erékùṣù kan tó wà ní gúúsù Havana ni wọ́n kó wọn lọ. Isla de Pinos ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 1978 ni wọ́n yí i padà sí Isla de la Juventud, ìyẹn Erékùṣù Àwọn Ọ̀dọ́. (Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fi Fidel Castro sẹ́wọ̀n láti 1953 dé 1955. Ẹ ò rí ayé bí?) Àárín oko ọsàn ni wọ́n kọ́ àwọn ilé-ìwé náà sí. Ìdajì ọjọ́, ẹ wà ní kíláàsì. Ìdajì tó kù, ẹ wà lóko, ẹ ń já gíréèpù tí wọ́n ń pè ní toronja. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ilé-ìwé tirẹ̀, àwọn tíṣà kan sì máa ń tẹ̀lé wọn wá láti ilé, kí ọmọ má baà gbàgbé ìtàn ìlú rẹ̀.

Ẹ wá wo ọmọ yẹn o. Moore ló ń sọ nílé, Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ ní ilé-ìwé, Spanish tún dé. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Minna, "sannu" nìkan ni mo mọ̀ nínú Hausa. Oníbàárà dé ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, ó ní "nawa ne?" Mo ní "sannu." Ó tún bi mí, mo tún kí i. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Kò tó oṣù mẹ́fà tí mo fi ń ná ọjà pẹ̀lú wọn. Ta ló kọ́ mi? Ebi ni. Bó ṣe rí fún àwọn ọmọ yẹn náà nìyẹn: ẹni tó bá fẹ́ jẹun, tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ tí wọ́n ní kó ṣe lóko, á gbọ́ èdè dandan.

Ọmọ tiwa tiẹ̀ máa bá ohun tó mọ̀ níbẹ̀. Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Cuba, pàápàá láàárín ọdún 1800 sí 1860-ó-lé, Lucumí ni wọ́n ń pè wọ́n. Títí dòní, ẹ ó gbọ́ Changó, Yemayá, Ochún lẹ́nu àwọn ọmọ wọn. Spanish ò ní "ṣ" ni, ìyẹn ni Ṣàngó fi di Changó. Oúnjẹ wọn náà ò ṣàjèjì: congrí, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n jọ sè pọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta oúnjẹ ní Tunga, ṣé ẹ ń gbọ́?

Nítorí náà, Màmá, èdè kọ́ ni mò ń bẹ̀rù.

Àwọn ọmọ Burkina yẹn ò tíì pẹ́ púpọ̀ níbẹ̀ nígbà tí wọ́n pa Sankara, ní October 15, 1987. Ẹni tó rán wọn níṣẹ́ ti kú. Wọ́n ń kàwé lọ, wọ́n ń já ọsàn lọ, ṣùgbọ́n ìlú tí wọ́n ń kàwé fún ti yí padà. Nígbà tí wọ́n délé, ìjọba Blaise Compaoré ni wọ́n bá, ìjọba yẹn ò sì náání wọn. Ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún gbà, wọn ò kà á sí. Àwọn tó yẹ kí wọ́n wá fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn tún ìlú ṣe wá ń wá ohun tí wọ́n máa jẹ. Ọmọ òrukàn Sankara ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹni tó jẹ́ òrukàn tẹ́lẹ̀ tún di òrukàn lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ Màmá. Láti 1999 ni Cuba ti dá ilé-ìwé ìṣègùn ńlá tí wọ́n ń pè ní ELAM sílẹ̀ ní Havana. Ẹni tí ò bá gbọ́ Spanish, èdè ni wọ́n máa kọ́kọ́ kọ́ ọ kó tó bẹ̀rẹ̀ ìṣègùn gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kàwé dókítà ní òkèèrè, tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, àfi kó yege nínú ìdánwò MDCN kó tó lè fọwọ́ kan aláìsàn. Ẹ̀dá ìwé-ẹ̀rí nìkan ò tó.

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi ọmọ yẹn: ta ló ń rán an lọ? Ṣé ìjọba ni, àbí àwọn èèyàn tó ń kó ọmọ lọ, tí wọ́n ń gba owó? Bí wọ́n bá ní sikọláṣípù ni, ta ló máa san ti ọdún kẹta bí ẹni tó fọwọ́ sí i bá kúrò nípò? Kí ẹ sì bi wọ́n bóyá MDCN mọ ilé-ìwé náà, kí ẹ tó kó owó aṣọ yẹn sílẹ̀. Bí ẹ bá rí èsì, ẹ fi ránṣẹ́ sí orí group, nítorí ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ní ọmọ tó fẹ́ lọ.

Iná ti lọ níbí o, fóònù mi ku ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún. Ó dàárọ̀ o.