Ìdána Kì í Ṣe "Engagement"

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń kọjá lọ́wọ́ ògbufọ̀ tó ń bá àwọn èèyàn kọ ìwé físà, kò sí èyí tó ń bà mí lẹ́rù tó "engagement". Lẹ́nu àwa Yorùbá, ìdána gan-an ni: alága ìdúró àti alága ìjókòó, ọkọ tó ń dọ̀bálẹ̀, owó orí, Bíbélì tàbí Kùránì tí ìyàwó máa mú nínú ẹrù. Lẹ́nu òyìnbó, kò ju òrùka àti ìlérí lọ. Àárín ìtumọ̀ méjèèjì yìí ni físà ti ń bọ́ sọ́nù.

Ọ̀nà méjì ló wà fún ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tó fẹ́ mú olólùfẹ́ rẹ̀ wá láti Nàìjíríà. Ó lè béèrè físà K-1. Àwọn tí kò tíì di tọkọtaya ló wà fún. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti fojú rinjú láàárín ọdún 2 ṣáájú ìbéèrè náà, Amẹ́ríkà ni wọ́n sì máa ti ṣègbéyàwó, láàárín 90 ọjọ́ tí àlejò bá wọlé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n ti ṣègbéyàwó nílé, kí ó wá fi fọ́ọ̀mù I-130 béèrè fún aya tàbí ọkọ rẹ̀. Ẹni tó bá gba ọ̀nà I-130 wọlé ti di olùgbé tó ní ìwé lọ́jọ́ tó dé. Ẹni tó bá fi K-1 wọlé ṣì máa kọ ìwé mìíràn lẹ́yìn ìgbéyàwó.

Nítorí náà, ẹni tó ń béèrè pé "níbo la ó ti ṣe é?" ń béèrè pẹ̀lú pé "kí la ó máa pe ara wa?" Àwọn àgbà á ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣe engagement nílé, kí wọ́n lọ ṣe alárédè lọ́hùn-ún." Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n òfin Nàìjíríà ka ìgbéyàwó ìbílẹ̀ sí ìgbéyàwó. Bí òṣìṣẹ́ físà ní Èkó bá rí fọ́tò ìdána, ó lè sọ pé ìyàwó ilé lèyí, K-1 kì í sì í ṣe ti ìyàwó ilé. Ẹnikẹ́ni kò purọ́. Ọ̀rọ̀ ló dalẹ̀ wọn.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èmi ń túmọ̀ "fiancée" sí àfẹ́sọ́nà, nítorí ọ̀nà wà nínú orúkọ náà: ẹni tí à ń fẹ́ bọ̀, tí kò tíì délé. Físà àfẹ́sọ́nà ni K-1. "Engagement" ti òyìnbó, àdéhùn ìgbéyàwó ni. Ìdána ní tiwa, ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni mo máa ń kọ nígbà tí mo bá ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ì báà bí ẹbí nínú. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà K-1, kí ó dúró sí mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́, níbi tí ẹbí ti ń mọra wọn láìsí owó orí.

Ìgbà mìíràn, ọkọ kì í sí nílé lọ́jọ́ ìdána. Àbúrò rẹ̀ á dọ̀bálẹ̀ fún un, tàbí kí wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ kalẹ̀. Mo rí ẹni tó pè é ní ìgbéyàwó alárọ́pò, ṣùgbọ́n a kò fi ẹlòmíràn rọ́pò ọkọ. Ìgbéyàwó aṣojú ni mo fara mọ́. Òfin Amẹ́ríkà lórí aṣíkiri kò kà á sí, àfi bí tọkọtaya náà bá ti sùn pọ̀ lẹ́yìn ayẹyẹ náà.

Ó ku "sponsor". Nílé, ẹni tó ń fi àánú sanwó ilé ìwé ọmọ ẹlòmíràn là ń pè bẹ́ẹ̀, àwọn kan sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí alátìlẹ́yìn. Ó fúyẹ́ jù. Ẹni tó bá buwọ́ lu fọ́ọ̀mù I-864 ti bá ìjọba ṣe àdéhùn pé òun á gbọ́ bùkátà àlejò náà, ìkọ̀sílẹ̀ kò sì tú àdéhùn ọ̀hún. Onígbọ̀wọ́ ni orúkọ rẹ̀, bí ẹni tó dúró fún onígbèsè.

Mi ò sọ pé ọ̀nà kan dára ju èkejì lọ. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ìyàwó má jẹ́ àfẹ́sọ́nà lórí ìwé. Ẹbí tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ ìdána, kí ó ṣe é tán pátápátá, kí ọkọ àti ìyàwó wà níbẹ̀, kí wọ́n sì gba ọ̀nà tọkọtaya. Kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, ohun tí mo máa ń béèrè nìyí: ṣé ẹ ti gba owó orí? Ọ̀pọ̀ ìyá á dáhùn pé, "A dá a padà, a kì í ta ọmọ." Ó dára, màmá. Ẹ dá owó padà, ṣùgbọ́n ẹ ti fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́. Ìyàwó ni màá kọ.