Àgọ́ tí ó di ìlú àti àgọ́ tí ó di eérú

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ilé mọ́ ńkọ́, kí ni yóò wò? Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ni a bí sínú igbó, sí abẹ́ àpáta àti sí ẹsẹ̀ òkè, níbi tí àwọn òbí wọn ń sá sí nítorí ogun. Òbí tí ó wo ọ̀nà a sọ ọmọ ní Abíọ́nà. Èyí tí ó wo ogun a sọ ọ́ ní Abíógun. Nígbà tí a bá ń ka ìtàn ogun wọ̀nyí, orúkọ àwọn balógun ni a sábà máa ń há sórí. Ẹ jẹ́ kí á fi àwọn balógun sílẹ̀ díẹ̀, kí á béèrè ibi tí àwọn ènìyàn sùn.

Ẹni tí ogun bá lé wọ igbó kì í bá ilé níbẹ̀. Ọgbọ́n ọdẹ àti ọgbọ́n àgbẹ̀ ni yóò fi là. Ọdẹ mọ bí a ti ń ri igi tí orí rẹ̀ pín sí méjì mọ́lẹ̀, tí a ń gbé igi mìíràn dá a lórí, tí a sì ń fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó: ó di àtíbàbà. Níbi tí igbó bá dí, ewé gbòdògì ni a fi ń bo orí ahéré. Ní ọ̀dàn, koríko bẹẹrẹ ni. Òkúta mẹ́ta a di ààrò. Odò kò gbọdọ̀ jìnnà, bẹ́ẹ̀ ni àgọ́ kò gbọdọ̀ wà létí odò gan-an, nítorí ibi tí ènìyàn ti ń pọnmi ni ọ̀tá ti ń lúgọ dè é. Iná pàápàá ní ewu tirẹ̀. Iná kì í jó kí èéfín má rú, èéfín a sì máa júwe ibi tí ènìyàn sá sí. Ìdí nìyí tí òkè àti àpáta fi wu àwọn ìsáǹsá. Olùṣọ́ ń rí ọ̀nà jíjìn láti orí òkè. Àpáta ń gba òjò dúró. Ihò rẹ̀ ń gba arúgbó àti ọmọdé.

Oríkì Ìbàdàn kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí parun. Ìtàn sọ pé nígbà tí ogun tú ìlú tí Lágelú tẹ̀ dó, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sá gun orí òkè. Èso òro ni wọ́n ń jẹ sùn, ìgbín ni wọ́n ń jẹ yó, ìkarahun ìgbín ni wọ́n sì fi ń mu ẹ̀kọ. Títí di òní ni a ń ṣe ọdún Òkèbàdàn. Ìlú mìíràn ìbá bo irú ìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìbàdàn fi í ṣe oríkì.

Nígbà tí ó di ọdún 1829, àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́, tí wọ́n ti pa Òwu àti ọ̀pọ̀ ìlú Ẹ̀gbá run, wá dó sí ibẹ̀. Ibùdó ogun ni wọ́n fi ṣe. Ṣùgbọ́n ogun ti tú ilé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ó wà láàárín wọn. Kò sí ibi tí wọn yóò padà sí. Báyìí ni ibi tí wọ́n dó sí ṣe di ilé wọn.

Àwọn Ẹ̀gbá tí ó wà ní Ìbàdàn nígbà náà kò ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Ní ọdún 1830, Ṣódẹkẹ́ ṣáájú wọn lọ sí ẹsẹ̀ Olúmọ, nítòsí odò Ògùn. Ẹni tí ó bá gun Olúmọ lónìí yóò rí ihò tí wọ́n sá sí lábẹ́ àpáta, yóò sì rí àwọn ojú kòtò kéékèèké lára òkúta ilẹ̀ rẹ̀, níbi tí àwọn ìyá ti ń lọ ata. Wọn kò da ara wọn pọ̀ sójú kan. Aké dó lọ́tọ̀, Ìtòkò lọ́tọ̀, Kémta lọ́tọ̀, Ìgbéìn lọ́tọ̀. Ìlú kọ̀ọ̀kan mú orúkọ rẹ̀, oyè rẹ̀ àti Ògbóni rẹ̀ wá láti ilé. Àwọn Òwu wá bá wọn lẹ́yìn náà. Ẹlòmíràn lè pe èyí ní àìṣọ̀kan. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a kò gba orúkọ ilé rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ara a tètè tù ú ní ibi tuntun. Nígbà tí ogun Dàhómì dé ní oṣù March, 1851, lẹ́yìn ọdún 21 péré, kì í ṣe àgọ́ ni ó bá ní abẹ́ Olúmọ. Odi ìlú ni ó kọlù, ó sì pẹ̀yìn dà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á lọ sí àárín àwọn òkè mìíràn. Lẹ́yìn ìjà Jálumi ní ọdún 1878, ogun Ìbàdàn àti ti Èkìtì Parapọ̀ dojú kọ ara wọn ní agbègbè Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Àrẹ Látòósà ni olórí ogun Ìbàdàn; Ògèdèǹgbé Iléṣà ni ó ṣáájú Èkìtì Parapọ̀, Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí sì wà pẹ̀lú wọn. Ariwo ìbọn ńlá tí ń dún láti òkè dé òkè ni ó fún ogun náà ní orúkọ rẹ̀, Kírìjì. Ọdún ń gorí ọdún, wọn kò kúrò. Àtíbàbà di ilé alámọ̀, oko yí bùdó ká, àwọn obìnrin ń gbé ibẹ̀. Látòósà kú sí bùdó ní ọdún 1885. Àlejò tí kò gbọ́ ìbọn ìbá pe ibẹ̀ ní ìlú.

Síbẹ̀ kò di ìlú. Àlùfáà Samuel Johnson àti Àlùfáà Charles Phillips gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà dé bùdó méjèèjì, a sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní June 4, 1886. Nígbà tí ó di September ọdún náà, bùdó túká, a sì finá sun ún. Ìjà Ìbàdàn àti Ìlọrin ṣì ń bá a lọ títí di ọdún 1893, ṣùgbọ́n bùdó Kírìjì ti di eérú.

Kí ló fà á? Kì í ṣe pé àgọ́ náà kò pẹ́ tó, tàbí pé ilé rẹ̀ kò lágbára. Ará Iléṣà tí ó wà níbẹ̀ ń ronú Iléṣà. Ará Ìbàdàn ń ronú Ìbàdàn. Ẹ sì wo ohun ìyanu tí ó wà níbẹ̀: ọdún 57 ni ó wà láàárín 1829 àti 1886. Láàárín àkókò náà, Ìbàdàn tí ó jẹ́ ibùdó ogun ti di ilé tí àwọn jagunjagun ń ṣàárò rẹ̀ ní ibùdó ogun mìíràn. Ohun tí ń sọ àgọ́ di ìlú, lójú tèmi, ni kí àwọn tí ó wà níbẹ̀ má ní ibòmíràn tí ọkàn wọn ń fà sí, kí wọ́n sì gbà láti jọ wà pọ̀. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù: Aké kò di Ìtòkò, Ìtòkò kò di Òwu, síbẹ̀ wọ́n jọ gbé ìkòkò kan ró.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí a bá lọ ìsinmi, ẹ jẹ́ kí á jókòó ti àwọn àgbà ilé wa. Kí á má béèrè ẹni tí ó ṣẹ́gun nìkan. Kí á béèrè ewé tí wọ́n fi bo orí àgọ́, odò tí wọ́n pọn, àti ohun tí wọ́n jẹ ní alẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní. Orúkọ balógun ti wà nínú ìwé. Ẹnu àwọn ìyá wa àgbà ni ìyókù wà, wọn kò sì ní wà níbẹ̀ títí láé.