Màlúù Kò Lè Sọ̀rọ̀, Ara Rẹ̀ Ló Ń Sọ Ọ́: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Mọ Ìrora Ẹran

 

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, bí Iléyá bá ti ń súnmọ́, ẹ mọ bí Mile 12 ṣe máa ń rí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọkọ̀ tí ó ń kó tòmátì, ata àti àlùbọ́sà wá láti òkè Ọya, ẹran á dé. Oníbàárà á wo ìwo, á wo ìbàdí, á ná owó. Ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í bèèrè: ṣé kò sí ohun tí ó ń dun ẹran yìí? Ìbéèrè náà kì í ṣe tuntun nínú ẹ̀sìn wa. Ẹ jẹ́ kí a tọ ipasẹ̀ rẹ̀.

Nínú àkójọ hadiisi Abu Dawud, Abdullah ọmọ Jafar sọ pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) wọ inú ọgbà ọkùnrin kan nínú àwọn Ansọ́ọ̀rù ní Mẹ̀dínà. Ràkúnmí kan wà níbẹ̀. Bí ó ti rí Ànábì, ó kérora, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Ànábì súnmọ́ ọn, ó fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn etí títí tí ó fi dákẹ́. Ó wá bèèrè ẹni tí ó ni ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde. Ànábì kìlọ̀ fún un pé kí ó bẹ̀rù Ọlọ́hun lórí ẹran tí Ó fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, torí ràkúnmí náà ti fẹjọ́ sùn pé ó ń fi ebi pa òun, ó sì ń lo òun nílò àárẹ̀.

Ẹ kíyè sí i dáadáa: ẹni tí ó ni ẹran kò ka omijé yẹn sí. Èrè tí ó ń jẹ lára rẹ̀ ti bò ó lójú.

Àwọn aṣáájú wa kò fi ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ bí ìtàn lásán. Umar ọmọ Abdul-Aziz, tí ó jẹ́ kálífà láti ọdún 717 sí 720, gbọ́ pé ní Íjíbítì wọ́n ń di ẹrù 1,000 rátílù lé ràkúnmí. Ó kọ lẹ́tà sí aṣojú rẹ̀ níbẹ̀ pé kò gbọdọ̀ ju 600 lọ mọ́. Izzuddin ọmọ Abdus-Salam, onímọ̀ ńlá tí ó kú ní ọdún 1262, to ẹ̀tọ́ ẹranko lẹ́sẹẹsẹ nínú ìwé rẹ̀: kí a bọ́ ọ kódà bí ó bá ti gbó tàbí tí ó ń ṣàìsàn tí kò wúlò mọ́, kí a má ṣe dì í lẹ́rù ju agbára rẹ̀ lọ, kí a má sì pa ọmọ rẹ̀ lójú rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ padà wá sí Èkó. Láyé àtijọ́, ẹsẹ̀ ni màlúù fi ń rìn wá sílẹ̀ Yorùbá láti òkè Ọya. Darandaran wà lẹ́yìn wọn, ó mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá ń tiro, ó rí i. Èyí tí kò bá jẹun, ó mọ̀. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1912, ojú irin ti so Èkó mọ́ Kánò, màlúù sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ ojú irin. Lónìí, tírélà ló pọ̀ jù. Láti Kánò dé Èkó tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà, ìdúró ni ọ̀pọ̀ màlúù sì fi ń rin ìrìn àjò náà. Èyí tí ó bá ṣubú, àwọn yòókù lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Awakọ̀ kò rí wọn bí darandaran ti ń rí wọn. Ojú tí ó ń ṣọ́ ẹran ti jìnnà sí ẹran. Ìdí nìyí tí ojú ìwọ tí o fẹ́ rà á fi gbọ́dọ̀ là.

Ó sì ṣòro díẹ̀, torí màlúù máa ń pa ìrora mọ́ra. Nínú igbó, èyí tí ó bá fi àárẹ̀ hàn ni kìnnìún kọ́kọ́ ń gbé. Nítorí náà, má ṣe rò pé èyí tí kò ké kò ní ìrora. Ní ọdún 2015, Karina Bech Gleerup àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Copenhagen gbé òṣùwọ̀n kan jáde tí a fi ń mọ ìrora màlúù láti ara ìṣesí rẹ̀. Díẹ̀ nínú ohun tí àwọn onímọ̀ ní kí á wò nìyí:

Orí: ṣé ó wálẹ̀ ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, tí kò sì bìkítà fún ohun tí ó ń lọ láyìíká?
Etí: ṣé ó dẹ̀ sẹ́yìn tàbí ó rọ̀ wálẹ̀?
Ojú: ṣé iṣan ojú rẹ̀ le, tí òkè imú rẹ̀ sì hunjọ?
Ẹ̀yìn: ṣé ó ká kò bí ọrun?
Ẹsẹ̀: ṣé ó ń tiro, tàbí ó ń gbé ara lé ẹsẹ̀ kan kí ó má baà tẹ èkejì?
Ẹnu: ṣé ó ti ṣíwọ́ àpọ̀jẹ, tí ó ń lọ eyín rẹ̀ pọ̀? Ṣé ó dá dúró, tí kò bá àwọn yòókù ṣe?

Ẹ̀yin òbí, ẹ fi èyí kọ́ ọmọ yín bí ẹ bá mú un dání lọ sọ́jà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú nìkan, ọ̀rọ̀ ìjọsìn ni. Hadiisi Bara' ọmọ Azib ti jẹ́ kí á mọ̀ pé ẹran mẹ́rin kò tọ́ fún Iléyá: èyí tí ojú rẹ̀ kan fọ́ kedere, èyí tí àìsàn rẹ̀ hàn, èyí tí ó ń tiro gbangba, àti èyí tí ó rù kan egungun. Ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń wo ẹran, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá ẹran rẹ̀ yege?

Bí o bá sì rí èyí tí ó ń jìyà, má ṣe kàn kọjá lọ bá òmíràn. Fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún ẹni tí ó ni ín, kí ó fún un ní omi àti ibòji, kí ó pe dókítà ẹran. Bí wọ́n bá ń lọ́ ìrù èyí tí kò lè dìde, sọ pé kò dára. Tìrẹ tí o bá rà ńkọ́? Jẹ́ kí ó sinmi, má sì pọ́n ọ̀bẹ lójú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwọ tí Olúwa fún ní ọwọ́ àti ojú, Òun náà ni yóò bi ọ́ léèrè ohun tí o fi wọ́n ṣe.

Kí Ọlọ́hun fi àánú sí wa lọ́kàn, kí Ó sì gba ìjọsìn wa. Àmín.