Dírìlì Alábátìrì

Dírìlì alábátìrì jẹ́ irinṣẹ́ àfọwọ́mú tí kò ní wáyà, tí a fi ń lu ihò sára igi, irin tàbí ògiri, tí a sì tún fi ń yí síkúrù wọlé. Ilé-iṣẹ́ Black & Decker ti Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní ọdún 1961. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá fi ìka fa ìfàyìn rẹ̀, iná inú bátìrì, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ fóòtì 12 tàbí 18, yóò máa yí mọ́tò kékeré inú rẹ̀. Jíà, ìyẹn àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín tí ó wọnú ara wọn, yóò dín eré mọ́tò náà kù, yóò sì fi kún agbára ìyípo rẹ̀, kí ó tó dé ẹnu ẹ̀rọ tí ó di bíìtì mú, èyí tí í ṣe ọ̀pá irin mímú tí ń lu ihò gan-an. Òrùka olónọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn ẹnu náà ni a fi ń díwọ̀n agbára yìí, kí síkúrù má baà wọlé jù tàbí kí orí rẹ̀ bó. Bí ó bá jẹ́ irin ni a fẹ́ lu, eré díẹ̀díẹ̀ ni ó yẹ, a sì gbọ́dọ̀ yọ bátìrì kí a tó pààrọ̀ bíìtì, kí a sì wọ awò ìdáàbòbò ojú.